Òkun Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ọkọ̀ á fi odidi ọjọ́ kan sáré
kó tó gbóòórùn òkun láti Saskatoon,
ṣùgbọ́n bàbá mi ní òkun kan nínú pálọ̀ rẹ̀.
Òun ló ń po iyọ̀ rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
tó ń ti ìka bọ̀ ọ́, tó ń tọ́ ọ wò,
táá ní, "Ó ku díẹ̀," bí ìyá mi ṣe máa ń wí nídìí ọbẹ̀.

Orúnkún rẹ̀ bá àtẹ̀gùn jà lọ́dún yìí;
àtẹ̀gùn ló borí.
Ó ta ilé, ó gba yàrá méjì nísàlẹ̀, ní òdìkejì odò,
àwa sì rò pé yóò ta àwọn ẹja náà mọ́ ọn.
Rárá o. Ó ra àpótí gíláàsì mìíràn,
ìlọ́po mẹ́ta ti àtijọ́, ó gùn ju ibùsùn rẹ̀ lọ.
"Larysa, ilé tèmi ló ń kéré.
Ṣé dandan ni kí tiwọn náà kéré ni?"

Oṣù kìíní la kó. Òtútù ọjọ́ náà
lè mú kí omijé dì lójú kó tó ṣubú.
Lorne aládùúgbò ti tan híta ọkọ̀ rẹ̀ láti wákàtí kan.
Bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá mi mẹ́rin,
páǹpù oníbátìrì tí ń mí gbúlúgbúlú.
A gbé àwọn àpáta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn;
akàn tí ń gbé inú ìkarahun àyálò
na ọwọ́ ìjà sí wa.

Ní ti iyanrìn, ó ní a ò gbọdọ̀ rú u:
májèlé ọdún mọ́kànlá sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀
bí ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya gbà láti má sọ.
Ó ní ká dà á nù.
Mo rí i tó bu ife kan pamọ́.

Ó wá ku olówó-púpọ̀,
ẹ̀dá tó dà bí òdòdó, tó ń jẹran bí ẹkùn,
èyí tí ìyá mi rà nígbà tí kò ju bọ́tìnnì lọ.
Ó di gíláàsì mú. A rọ̀ ọ́, ó kọ̀.
A ò sì gbọdọ̀ fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ya.
Bàbá mi jáde láìwọ ìbọ̀wọ́, ó ṣẹ́ yìnyín kan lẹ́nu òrùlé,
ó fi ń ra ẹ̀yìn gíláàsì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́,
ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ukraine
tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.
Mi ò mọ ohun tó wí.
Ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru:
Lorne wa tiwa bí ẹni gbẹ́yin lọ́wọ́.
Lórí afárá, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà láàárín ẹsẹ̀ mi,
tẹmóméta ń sọ̀ kalẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélógún.
Iná pupa dá wa dúró.
Bàbá mi bú iná náà bí ẹni pé ó létí.

Ọjọ́ kẹta, omi tuntun ṣì funfun bí omi ògì,
gbogbo iyùn tilẹ̀kùn mọ́rí bí onígbèsè.
Ó ka ẹja: méje. Ó tún un kà: méje.
Mẹ́jọ la kó kúrò nílé.
Orí àga ló ń sùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ọjọ́rú kan, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ni mo wá wá,
mo bá a nílẹ̀, lórí orúnkún
tí dókítà ní kó má fi kúnlẹ̀ mọ́.
Olówó-púpọ̀ ti rìn lóru.
Ó fi ibi tí a gbé e sí sílẹ̀, ó lọ yan igun tirẹ̀,
ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì ń wẹ̀ láàárín ìka rẹ̀
bíi pé kò sígbà kan tí wọn ò gbébẹ̀.
Bàbá mi ò wí nǹkan kan.
Ó na ọwọ́ kí n fà á dìde; mo fà á,
ó fúyẹ́ ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹja kékeré aláwọ̀ ìyeyè yẹn ò yọjú títí dòní.
Oúnjẹ ẹja mẹ́jọ ni bàbá mi ṣì ń wọ̀n.